Òkòtó Inú Afẹ́fẹ́: Ìdí Tí Inú Ọ̀pá Ìbọn Fi Lọ́

Ní ọdún 1955, ilé-iṣẹ́ aṣèbọn méjì ní Amẹ́ríkà, Winchester àti Remington, gbé kátíríìjì tuntun jáde fún àwọn ọdẹ. Winchester pe tirẹ̀ ní .243, Remington pe tirẹ̀ ní .244. Ẹ má jẹ́ kí nọ́ḿbà yẹn tàn yín jẹ: ìbú kan náà ni ọta inú méjèèjì ní, íǹṣì 0.243. Àyè ẹ̀tù inú ti Remington tilẹ̀ fi díẹ̀ ju ti ẹnìkejì rẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ti Winchester ni ọjà gbé. Ti Remington jókòó sórí àtẹ bí ẹja àná. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ wà nínú ọ̀pá ìbọn, níbi tí ojú oníbàárà kì í dé. Poro tí Winchester gbẹ́ sínú ọ̀pá tirẹ̀ ń yí po lẹ́ẹ̀kan láàárín íǹṣì 10. Ti Remington ń gba íǹṣì 12 kó tó yí po lẹ́ẹ̀kan. Íǹṣì méjì péré ni wọ́n fi ju ara wọn lọ.

Remington rò pé ẹran kéékèèké ni àwọn tó máa ra ìbọn náà fẹ́ pa, ló bá ṣe ọ̀pá rẹ̀ fún ọta fífúyẹ́, gíréènì 75 àti 90. Gíréènì ni àwọn oníbọn fi ń wọn ìwúwo ọta. 7,000 rẹ̀ ló wà nínú pọ́n-ùn kan. Winchester ní tirẹ̀ ṣe ti gíréènì 80, ó sì fi ti 100 kún un fún ẹni tó bá fẹ́ pa àgbọ̀nrín. Ta ló máa ra ìbọn méjì nígbà tí ọ̀kan lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì? Àwọn ọdẹ gbọ́ pé ọta gígùn ẹlẹ́nu ṣóńṣó tó wọn gíréènì 100 kì í fò dáadáa láti inú ọ̀pá Remington, wọ́n sì kẹ̀yìn sí i. Kí ló wà nínú íǹṣì méjì tó lè ba ọjà odidi ilé-iṣẹ́ jẹ́?

Ẹni tó bá ti kọ ebè rí lóko yóò tètè mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Inú ọ̀pá ráífù kò dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́ bíi ti ṣakabùlà. Wọ́n gbẹ́ poro tẹ́ẹ́rẹ́ sí i láti ìdí dé ẹnu, mẹ́rin tàbí márùn-ún tàbí mẹ́fà, ibi tí ọ̀bẹ kò kàn láàárín poro méjì ló sì dúró gẹ́gẹ́ bí ebè. Àmọ́ tààrà ni poro oko ń lọ. Ti inú ìbọn ń lọ́ bí ojú okùn. Ọta fi bíńtín fẹ̀ ju àyè tó wà láàárín ebè sí ebè lọ. Nígbà tí ẹ̀tù bá gbiná, tí agbára rẹ̀ ń ti ọta láti ẹ̀yìn, ebè á jẹ ọta náà lára, kò sì ní ṣe méjì ju pé kó máa yí bó ṣe ń lọ. Nígbà tó bá fi yọ lẹ́nu ìbọn, ó ti di ohun tó ń pòòyì.

Bí poro náà ṣe ń yí po sí ni mo ń pè ní ìlọ́. Báyìí ni wọ́n ń kọ ọ́: 1:10, ìyẹn ìyípo kan láàárín íǹṣì 10. Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́, nítorí nọ́ḿbà tó kéré ni ìlọ́ tó fún, èyí tó pọ̀ ni ìlọ́ tó dẹ̀. 1:7 fún; 1:14 dẹ̀. Ẹ rántí okùn: bí ẹ bá ṣe ń lọ́ ọ sí i ni ìlọ́ kan ń sún mọ́ èkejì.

Eré tí ọta fi ń yí lè yà yín lẹ́nu. Ẹ jẹ́ ká mú Lee-Enfield .303, ìbọn tí àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gbé lọ sí Burma nígbà ogun Hítílà. Ọta rẹ̀ ń jáde lẹ́nu ìbọn pẹ̀lú eré ẹsẹ̀ bàtà 2,440 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìlọ́ rẹ̀ sì jẹ́ 1:10. Ẹ sọ ẹsẹ̀ bàtà 2,440 di íǹṣì, ó di 29,280. Ẹ pín in sí 10, ó ku 2,928. Iye ìgbà tí ọta náà ń yí ní ìṣẹ́jú àáyá kan nìyẹn. Nínú odidi ìṣẹ́jú kan, ó ju 175,000 lọ. Ẹ́ńjìnnì mọ́tò tó ń sáré geere lójú ọ̀nà márosẹ̀ kì í sábà ju 3,000 lọ.

Kí la wá ń fi gbogbo òòyì yìí ṣe? Ọta òde òní gùn, ẹnu rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, ìdí rẹ̀ sì ki. Nítorí pé iwájú rẹ̀ tín-ín-rín, apá ìdí ni ìwúwo rẹ̀ pọ̀ sí. Afẹ́fẹ́ tó ń pàdé rẹ̀ ní tirẹ̀, apá iwájú ló ń dojú agbára kọ. Bí imú ọta bá yẹ̀ bíńtín kúrò lójú ọ̀nà, afẹ́fẹ́ á rí ibi tì í, á sì fẹ́ dà á nù sẹ́yìn kí ìdí lè wá síwájú. Ọfà tó ní ìyẹ́ nídìí kò mọ ìyọnu yìí: irin orí rẹ̀ wúwo níwájú, ìyẹ́ ń gba afẹ́fẹ́ lẹ́yìn, bó bá sì yà, afẹ́fẹ́ kan náà ló máa tún un ṣe. Ọta kò ní ìyẹ́. Òòyì ni ìyẹ́ tirẹ̀.

Àwa tí a ta òkòtó nígbà èwe ti mọ èyí lọ́wọ́ kí tíṣà kankan tó kọ́ wa ní fíṣíìsì. Ẹ gbé òkòtó lé ẹnu ṣóńṣó rẹ̀ kí ẹ fi í sílẹ̀: kíá ló ti ṣubú. Ẹ fi ìka ta á, ó dìde, ó ń pòòyì rányinrányin lórí ẹsẹ̀ kan náà tí kò gbà á dúró lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ ọn dáadáa yóò ti rí ohun kejì pẹ̀lú. Bí ẹ bá fi ìka kàn án lórí bó ṣe ń yí, kì í wó sí ibi tí ẹ tì í sí. Ẹ̀gbẹ́ ló ń yà sí. Orí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí ká díẹ̀díẹ̀, á sì tún nàró. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọta ń ṣe. Afẹ́fẹ́ fẹ́ gbé imú rẹ̀ sókè, imú náà yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Afẹ́fẹ́ fẹ́ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó yà sísàlẹ̀. Imú ọ̀hún á wá máa yí ojú ọ̀nà tó ń tọ̀ po ní òbìrípo kékeré, tí òbìrípo yẹn á máa kéré sí i títí ojú kò fi ní ka á sí mọ́.

Ẹ sì mọ bí òkòtó ṣe ń ṣe nígbà tí agbára rẹ̀ bá ń tán lọ: ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, orí rẹ̀ ń gba ibi gbogbo, lẹ́yìn náà ó dojú délẹ̀. Ọta tí ìlọ́ rẹ̀ dẹ̀ jù ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójú òfuurufú, ó ń ta òkìtì. Àmọ́ níbí ni òkòtó àti ọta ti pínyà. Ìparí ni ìṣòro òkòtó wà. Ẹnu ìbọn ni ti ọta wà. Afẹ́fẹ́ máa ń jẹ eré ọta kíákíá, ṣùgbọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ rí òòyì rẹ̀ jẹ. Nítorí náà, bí ọta bá ṣe ń jìnnà sí ẹnu ìbọn ni agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tì í ń dín kù, òòyì sì ṣì wà níbẹ̀. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ dáadáa kì í sábà ta òkìtì mọ́, àfi nígbà tí eré rẹ̀ bá já wálẹ̀ sí ìwọ̀n eré ohùn, bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń ṣe ségesège mọ́ ọn lára.

Ó pẹ́ kí ẹ̀dá tó mọ ìdí rẹ̀. Láti ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún ni àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn ilẹ̀ Jámánì àti agbègbè rẹ̀ ti ń gbẹ́ poro sínú ọ̀pá, wọ́n sì rí i pé ọta ń lọ síbi tí àwọn kọjú rẹ̀ sí. Wọ́n ń lò ó, wọn kò lè ṣàlàyé rẹ̀. Benjamin Robins, ọmọ ìlú Bath ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló fi ọwọ́ onímọ̀ ìṣirò mú ọ̀rọ̀ náà. Ó tẹ ìwé rẹ̀, New Principles of Gunnery, jáde ní 1742, ó sì gbé àlàyé lórí ìbọn oníporo síwájú ẹgbẹ́ Royal Society ní London ní 1747. Láyé ìgbà yẹn, ọta roboto ni àwọn ọmọ ogun ń yìn láti inú ọ̀pá dídán. Robins ní ọta roboto náà ń yí, àmọ́ yíyí rẹ̀ kò ní olúwa: bó bá fara gbún apá ọ̀tún ọ̀pá kó tó jáde, á yí síhìn-ín, bó bá gbún apá òsì, á yí sọ́hùn-ún. Òòyì tí kò sẹ́ni tó yàn án yìí ló ń fà á kúrò lójú ọ̀nà. Kó lè fi hàn, ó tẹ ẹnu ọ̀pá ìbọn kan sí apá òsì, ó sì na bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sójú ọ̀nà ọta ní ibi mélòó kan kó lè rí ibi tó gbà kọjá. Ọta kọ́kọ́ gba òsì bí ẹnu ìbọn ṣe kọjú. Nígbà tó ṣe, ó yí padà, ó kọjá sí ọ̀tún.

Ẹ̀yin tí ẹ wo bọ́ọ̀lù tí Roberto Carlos gbá wọ àwọ̀n ilẹ̀ Faransé ní Lyon ní 1997 ti rí agbára yìí lójúkorojú. Bọ́ọ̀lù náà jáde bí ẹni tí kò ní ohun tó kàn án pẹ̀lú àwọ̀n, ó sì ṣẹ́rí padà. Òòyì ẹ̀gbẹ́ ló ṣe é. Ohun tí Robins wá rí ni pé kò sí bí a ṣe lè dá ọta lẹ́kun yíyí, ṣùgbọ́n a lè yan bó ṣe máa yí. Bó bá ń yí bí igi tí a fi ń gbẹ́ ihò, tí imú rẹ̀ kọjú sí ibi tó ń lọ, gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ máa bá lò bákan náà, kò ní sí ẹ̀gbẹ́ tó máa fà á. Ó tilẹ̀ kìlọ̀ pé orílẹ̀-èdè tó bá kọ́kọ́ mọ ìlò ìbọn oníporo ní àmọ̀dájú yóò borí àwọn yòókù.

Àwọn ọ̀gágun kò yára gbọ́ ọ, wọn kò sì jẹ̀bi. Kí ọta tó lè bá ebè lò, ó gbọ́dọ̀ há. Bó bá há, ó di dandan kí ọmọ ogun fi òlù gbá a wọ inú ọ̀pá láti ẹnu dé ìdí, nígbà tí ọ̀tá ti ń bọ̀. Claude-Étienne Minié, ọmọ ogun ilẹ̀ Faransé, ló tú okùn yẹn ní 1849. Ó ṣe ọta gígùn tó fi díẹ̀ kéré sí àyè ọ̀pá, tó jẹ́ pé ihò wà nídìí rẹ̀. Ó ń yọ̀ wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí ẹ̀tù bá gbiná, iná á fẹ ìdí náà, òjé á sì kún inú poro. Ihò yẹn ṣe oore kejì tí ọ̀pọ̀ ìwé kì í mẹ́nu bà: ó sọ ìdí ọta di fífúyẹ́, ìwúwo sún síwájú, ọta sì sún mọ́ ìwà ọfà. Ìdí nìyẹn tí òòyì díẹ̀ fi tó o. Ìlọ́ ìbọn Enfield tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1853 jẹ́ 1:78, ọ̀pá rẹ̀ sì gùn ní íǹṣì 39. Ẹ ṣírò rẹ̀: ààbọ̀ ìyípo péré ni ọta ń yí kó tó bọ́ síta.

Joseph Whitworth, ọ̀gá nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Manchester, kò gbà pé ó tó. Ó ṣe ọ̀pá tí inú rẹ̀ ní ojú mẹ́fà, ọta rẹ̀ náà ní ojú mẹ́fà, tó tín-ín-rín tó sì gùn, ó sì fún ìlọ́ rẹ̀ dé 1:20. Nínú ìdánwò 1857 ó na Enfield ní ànàlé. Ìjọba kọ̀ ọ́: owó rẹ̀ wọ́n, èérí ẹ̀tù sì máa ń dí i kíákíá. Ní oṣù Keje ọdún 1860, nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn ayìnbọn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣí ìdíje wọn àkọ́kọ́ ní Wimbledon, wọ́n de Whitworth kan mọ́ orí irin, wọ́n so okùn mọ́ ọn, Ọbabìnrin Victoria sì fà á. Ọta náà kọ lu pátákó tó wà ní yáàdì 400, kò fi ju íǹṣì kan ààbọ̀ lọ jìnnà sí àárín gbùngbùn. 

Ọ̀pá Enfield yẹn kan náà dé ilẹ̀ wa. Láti 1866 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń gé ìdí Enfield, tí wọ́n ń sọ ọ́ di Snider, èyí tí wọ́n ń ki láti ẹ̀yìn. Ìlọ́ 1:78 sì ṣì wà nínú èyí tó gùn lára wọn. Nígbà ogun Kírìjì tí Èkìtì Parapọ̀ bá Ìbàdàn jà, láàárín 1877 sí 1893, ẹgbẹ́ Èkìtì Parapọ̀ tó wà ní Èkó bá ọ̀gágun wọn, Ògèdèngbé, àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ wá ìbọn, Snider sì wà nínú ohun tó dé ojú ogun. Àwọn ará Ìbàdàn, tí wọ́n ti fi ìbọn ọ̀pá dídán ṣe ọ̀gá ilẹ̀ Yorùbá fún ọ̀pọ̀ ọdún, rí i pé ọta ń bá àwọn láti ibi tí tiwọn kò lè dé, wọ́n sì wá tiwọn kiri. Àwọn òpìtàn ní ìró ìbọn ogun náà ló di orúkọ rẹ̀.

Títí di ìgbà yẹn, àfojúwò ni gbogbo aṣèbọn fi ń yan ìlọ́. Alfred George Greenhill, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ogun ní ìṣirò ní Woolwich, fi òpin sí i ní 1879. Ìlànà rẹ̀ kò ju orí bébà kékeré lọ. Ẹ mú ìbú ọta ní íǹṣì, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀, ẹ sọ èyí di ìlọ́po 150, kí ẹ wá fi gígùn ọta pín in. Ohun tó bá jáde ni iye íǹṣì tó yẹ kí ìyípo kan gbà. Ká ní ìbú ọta jẹ́ 0.308, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ íǹṣì 1.2. 0.308 lọ́nà 0.308 jẹ́ 0.0949, lọ́nà 150, ó di 14.23, fi 1.2 pín in, ó ku 11.86. Ọ̀pá 1:12 ń ta á létí, 1:11 gbà á dáadáa. Ẹ wá na ọta náà dé íǹṣì 1.4 láì fi kún ìbú rẹ̀: 10.16. 1:12 kò lè gbé e mọ́. Fún ọta tí eré rẹ̀ bá ju ẹsẹ̀ bàtà 2,800 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 180 ni wọ́n ń lò dípò 150.

Ẹ wo ìlànà náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Níbo ni ìwúwo wà nínú rẹ̀? Kò sí. Ohun tí àwọn ọdẹ máa ń sọ pé ọta wíwúwo ń fẹ́ ìlọ́ tó fún kì í ṣe irọ́, àmọ́ ìdajì òtítọ́ ni. Gígùn ló ń fẹ́ ẹ. Nígbà tí ìbú bá ti wà lójú kan, ọ̀nà kan ṣoṣo tí ọta òjé lè gbà wúwo sí i ni kó gùn sí i, ìdí nìyẹn tí ènìyàn fi ń dá ìwúwo lẹ́bi. Gígùn ń ṣe ibi méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ó fún afẹ́fẹ́ ní ọ̀pá tó gùn láti fi ṣẹ́ ọta lórí, ó sì sọ ọta di ohun tẹ́ẹ́rẹ́ tí òòyì rẹ̀ kò lágbára. Òkòtó tó sanra rọrùn ta ju èyí tó ga tín-ín-rín lọ. Gbogbo ọmọdé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rí tó dára jù tí mo mọ̀ wá láti California. Àwọn igún ńlá ibẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kọ́ńdọ̀ ń jẹ òkú ẹran tí ọdẹ yìnbọn pa, òjé inú rẹ̀ sì ń pa wọ́n. Ní 2013 wọ́n fọwọ́ sí òfin; nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù Keje 2019, kò sí ẹni tó tún lè fi ọta òjé ṣọdẹ ní ìpínlẹ̀ náà. Bàbà pupa ni ọ̀pọ̀ wọn yí sí. Àmọ́ bàbà kò ki tó òjé: bí a bá fi omi ṣe 1, bàbà jẹ́ 8.96, òjé jẹ́ 11.34. Bí ọdẹ bá fẹ́ kí ọta bàbà rẹ̀ wúwo tó ti òjé àná, ó gbọ́dọ̀ gùn jù ú lọ. Ìwúwo kan náà, ìbọn kan náà, ẹ̀tù kan náà, ọta kò sì gbọ́ràn mọ́, nítorí ọ̀pá baba ẹni náà dẹ̀ jù fún un.

Greenhill kò ka afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ sí tó. Nígbà tí Eugene Stoner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìbọn AR-15, tó di M16 àwọn ológun Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà, ìlọ́ 1:14 ni wọ́n fi sí i. Lójú ọjọ́ tó móoru, ọta gíréènì 55 rẹ̀ ń lọ bó ṣe yẹ, àmọ́ etí bèbè ló wà. Àwọn ológun Amẹ́ríkà gbé e lọ sí Alaska láti dán an wò nínú òtútù, ọta bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Afẹ́fẹ́ tútù ki ju èyí tó móoru lọ. Tí òtútù bá wálẹ̀ dé 40 sísàlẹ̀ òdo lórí ìwọ̀n Celsius, afẹ́fẹ́ á fi bí ìdá kan nínú mẹ́rin ki ju ti ọjọ́ tó tutù mínímíní ní 15 lọ. Àfikún ìtì yẹn ti tó láti bi ọta ṣubú. Ní 1963 wọ́n sọ ìlọ́ di 1:12. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn ì bá máa yin 1:14 lọ títí láìmọ̀ pé ohun kan ṣe é.

Don Miller, ará Amẹ́ríkà, ló wá kó gígùn, ìbú, ìwúwo, eré àti afẹ́fẹ́ pọ̀ sínú ìlànà kan tó tẹ̀ jáde ní 2005, òun sì ni àwọn ayìnbọn ń lò jù báyìí. Nọ́ḿbà kan ló ń fún wọn: bí kò bá tó 1, ọta á ta òkìtì, bó bá dé 1.5, ọkàn balẹ̀. Inú ìlànà yẹn ni ìdáhùn ìbéèrè mi wà. Ìlọ́ wà níbẹ̀ lọ́nà ara rẹ̀. Láti 14 sí 12 dà bí ohun kékeré, àmọ́ 196 ni 14 lọ́nà 14, 144 sì ni 12 lọ́nà 12. Ìdúróṣinṣin ọta fi ìdá 36 nínú 100 pọ̀ sí i. Láti 12 Remington sí 10 Winchester, 144 sí 100, ìdá 44 ni. Íǹṣì méjì tí mo pè ní péré lẹ́ẹ̀kan kì í ṣe péré. Ní 1963 kan náà, Remington fún ìlọ́ rẹ̀ dé 1:9, ó sì yí orúkọ kátíríìjì náà padà sí 6mm Remington kí àwọn ènìyàn lè gbàgbé. Wọn kò gbàgbé; .243 ló ṣì wà nígbàgbogbo lórí àtẹ.

Ṣé kí gbogbo ènìyàn kúkú fún ìlọ́ wọn títí ni? Àwọn kan ti gbìyànjú rẹ̀. Ìlọ́ M16A2, irú M16 tó jáde lẹ́yìn náà, jẹ́ 1:7, nítorí ọta gíréènì 62 tí ẹgbẹ́ NATO gbà ní 1980 gùn, ọta oníná tó ń bá a rìn, èyí tó ń tanná bó ṣe ń fò kí ayìnbọn lè rí ọ̀nà rẹ̀, sì gùn ju òun náà lọ. Ọta lásán náà kò nílò ju 1:9 lọ. Ọta oníná ló fa 7. Àmọ́ bí ẹ bá ki ọta fífúyẹ́ tí awọ rẹ̀ tín-ín-rín sínú 1:7, tí ẹ sì fi eré ẹsẹ̀ bàtà 3,500 yìn ín, yóò yí ní ìgbà 360,000 ní ìṣẹ́jú kan, ó sì lè fọ́ yángá lójú òfuurufú kó tó dé ibi kankan. Bí àárín ọta kò bá sì dọ́gba, òòyì tó pọ̀ jù ń sọ àbùkù yẹn di ńlá. Òòyì náà sì máa ń fa ọta sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀: ìlọ́ ọ̀tún á fà á sí ọ̀tún, ti òsì, bíi Lee-Enfield, á fà á sí òsì. Íǹṣì mélòó kan ni ní yáàdì 1,000, ẹni tí kì í yìnbọn jìnnà kò ní mọ̀ pé ó wà.

Bàbá ọdẹ kan ní àdúgbò wa, tí mo ń ṣàlàyé gbogbo èyí fún, bi mí pé, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé kí n wá lọ gbẹ́ poro sínú tèmi ni?" Mo ní rárá o, Bàbá. Ṣakabùlà yín kì í yin ọta kan ṣoṣo; ẹ̀kún ọwọ́ ọta wẹ́wẹ́ ni. Bí gbogbo wọn bá jáde pẹ̀lú òòyì, ńṣe ni wọ́n á fọ́n ká bí omi ara ajá tó ń gbọnra, àárín á ṣófo, ẹran á sì gba ibẹ̀ lọ.

Ẹni tó ní ráífù tí kò sì mọ ìlọ́ rẹ̀ lè wọ̀n ọ́n nílé. Kó kọ́kọ́ rí i dájú pé kò sí nǹkan kan nínú ìbọn náà, kó tún wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Kó wé aṣọ mọ́ ọ̀pá tí wọ́n fi ń nu inú ìbọn títí yóò fi há dáadáa, kó sì rí i pé ọwọ́ ọ̀pá náà lè yí fúnra rẹ̀. Kó tì í wọlé, kó fi tádàwà sàmì sórí ọ̀pá náà ní ibi tó bá ẹnu ìbọn mu, kó wá máa fà á padà jẹ́jẹ́. Poro á máa yí ọ̀pá náà. Bí àmì bá ti yí po lẹ́ẹ̀kan tó padà sójú ibi tó wà tẹ́lẹ̀, ibi tó ti rìn dé láti ẹnu ìbọn ni ìlọ́ rẹ̀. Kó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, nítorí aṣọ lè yọ̀.

Bí kò bá sì ní sùúrù fún ìyẹn, bébà tó yìnbọn lù á sọ fún un. Ọta tó dúró ṣinṣin ń dá ihò roboto sára bébà. Èyí tó ń ta òkìtì ń fi ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ihò rẹ̀ gùn, orí kan ṣe ṣóńṣó, orí kejì tẹ́, bí ojú ihò kọ́kọ́rọ́. Nígbà mìíràn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ máa ń hàn ketekete débi pé ènìyàn lè gbé rúlà lé ihò náà, kó sì wọn gígùn ọta tí Greenhill ń béèrè.